Bí Àlejò Ti Ń Di Onílé: Ìtàn Ìgbélùú láti Òṣòdì dé Aswani

Ẹni tí ó bá gba ojú pópó ńlá tí ó lọ láti Òṣòdì sí Àpápá kọjá ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, tí ó sì dé agbègbè Ìsọlọ̀, kò ní í pẹ́ kí ó tó mọ̀ pé ọjọ́ ọjà Aswani ni ọjọ́ náà: èrò yóò ti kún ẹ̀bá ọ̀nà, àwọn alábàárù yóò máa ké pé kí a yàgò, àwọn oníṣòwò òkìríkà yóò ti tú bẹ́ẹ̀lì aṣọ sílẹ̀, àwọn oníbàárà wọn, tí púpọ̀ nínú wọn fẹ́ lọ tún un tà ní àdúgbò tiwọn, yóò sì ti máa bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ ṣa èyí tí ó wù wọ́n kí oòrùn tó mú. Nínú gbogbo èrò yìí, ó ṣòro kí a tó rí ẹni tí yóò bi ara rẹ̀ léèrè pé ta ni ń jẹ́ Aswani. Orúkọ náà kì í ṣe ti Àwórì, kì í ṣe ti Yorùbá rárá. Orúkọ ìdílé àwọn ará Íńdíà kan ni, láti inú ìran tí a ń pè ní Sindhi, tí wọ́n dá ilé iṣẹ́ ìhunṣọ sílẹ̀ ní àdúgbò náà, tí àwọn òṣìṣẹ́ àti àwọn awakọ̀ sì fi orúkọ ilé iṣẹ́ pe ibùdókọ̀, títí ó fi di orúkọ ọjà. Bí a bá sì wo orúkọ ìjọba ìbílẹ̀ tí ọjà náà wà nínú rẹ̀, Òṣòdì-Ìsọlọ̀, a ó rí i pé Ìsọlọ̀ ni ti àwọn Àwórì tí Ọ̀sọlọ̀ jẹ́ ọba wọn, ṣùgbọ́n ará Tápà ni ó ni orúkọ Òṣòdì. Ó yẹ, nígbà náà, kí a dúró lórí ilẹ̀ yìí wádìí ọ̀ràn kan tí ó ń gba oorun lójú ọ̀pọ̀ ọmọ wa lónìí ní Lọ́ńdọ̀nù, ní Toronto àti ní Houston: kí ni ènìyàn ń fi di ẹni tí ń gbé ìlú onílùú, tí ẹnikẹ́ni kò sì tún ní í bi í pé ìgbà wo ni yóò padà sí ilé rẹ̀?

Láyé àtijọ́, àwọn baba wa kò ní ìwé ìgbélùú, ṣùgbọ́n wọ́n ní òfin ìgbélùú, òfin náà kò sì rọ̀ tó bí a ti ń rò ó. Àlejò tí ó bá wọ ìlú kò gbọdọ̀ dá dúró. Ó ní láti ní onílé kan tí yóò wọ̀ sí lọ́dọ̀, ẹni tí yóò mú un lọ síwájú baálẹ̀ tàbí ọba, tí yóò sì fi ẹnu ara rẹ̀ ṣe onígbọ̀wọ́ fún un, pé bí ó bá ṣẹ̀, òun ni kí wọ́n mú. Bí ó bá fẹ́ dáko, wọn a yan ilẹ̀ fún un, òun náà a sì máa san ìṣákọ́lẹ̀ lọ́dọọdún, ìbáà ṣe iṣu, ìbáà ṣe epo, ìbáà ṣe owó ẹyọ. Ohun tí ó ń san kò tó sọ onílẹ̀ di ọlọ́rọ̀, ṣùgbọ́n ó tó láti máa rán òun àti àwọn ọmọ rẹ̀ létí pé ẹnìkan ni ó fún wọn ní ibi tí wọ́n fi ẹsẹ̀ tẹ̀. Àgbàdo, ẹ̀gẹ́ àti ẹ̀wà, kí ó gbìn wọ́n bí ó ti wù ú. Ṣùgbọ́n igi tí ń pẹ́ lórí ilẹ̀, bí ọ̀pẹ àti obì, àti kòkó nígbà tí kòkó dé, kò gbọdọ̀ gbìn ín láìgba àṣẹ, nítorí irú igi bẹ́ẹ̀ a máa pẹ́ ju ẹni tí ó gbìn ín lọ, ọmọ ẹni tí ó gbìn ín a sì lè tìtorí rẹ̀ pe ara rẹ̀ ní onílẹ̀. Síbẹ̀, bí ọdún ti ń gorí ọdún, tí àlejò náà ń dá sí owó ìlú, tí ó ń bá wọn jáde lójú ogun, tí ó fẹ́ ọmọ wọn, tí ó sì fi ọmọ tirẹ̀ fún wọn, àjèjì a máa tán lára rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, nítorí bí ewé bá pẹ́ lára ọṣẹ, ọṣẹ ni yóò dà. Ẹ̀rí ẹnu àwọn ènìyàn ni ìwé ìgbélùú ọjọ́ náà. Ibi tí agbára rẹ̀ wà nìyẹn, ibẹ̀ náà sì ni àléébù rẹ̀ wà, gẹ́gẹ́ bí a ó ti rí i.

N kò mọ ẹni tí ìtàn rẹ̀ fi òfin yìí hàn ju Landuji Òṣòdì Tápà lọ. Ọmọ Tápà ni, láti òkè odò Ọya. Òwò ẹrú ayé ìgbà náà ni ó gbé e dé Èkó ní kékeré, tí ó fi bọ́ sí ààfin Ọba Ọ̀ṣìnlókun. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ẹrú ní baba, ọ̀nà ni ó jìn. Ọ̀nà ilẹ̀ Tápà sì jìn ní tòótọ́, ṣùgbọ́n ọmọ yìí fi làákàyè àti ìgboyà wá baba mìíràn fún ara rẹ̀ ní etí òkun. Nígbà tí Kòsọ́kọ́, ọmọ Ọ̀ṣìnlókun, gorí ìtẹ́ ní 1845, Òṣòdì di olórí ogun rẹ̀ àti agbẹnusọ tí ọba kò lè ṣe aláìní. Nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi ọkọ̀ ogun yìnbọn lu Èkó ní oṣù Kejìlá 1851, tí wọ́n lé Kòsọ́kọ́ kúrò tí wọ́n sì dá Akíntóyè tí ó jọba ṣáájú rẹ̀ padà sórí oyè, ọ̀nà ṣí sílẹ̀ fún ẹrú láti kọ olúwa rẹ̀ tí ó ṣubú. Òṣòdì kò kọ̀ ọ́, ó bá a lọ sí ìgbèkùn ní Ẹ̀pẹ́. Ní Ẹ̀pẹ́, gbogbo wọn, àti ọba àti ìránṣẹ́, ni wọ́n jọ di àlejò lórí ilẹ̀ Ìjẹ̀bú, tí wọ́n ń gbé lábẹ́ ojú rere Awùjalẹ̀. Ìran àwọn tí kò padà nínú wọn ni a ń pè ní Èkó Ẹ̀pẹ́ títí di òní, tí wọ́n sì ń bá àwọn Ìjẹ̀bú Ẹ̀pẹ́ gbé ìlú kan náà.

Ní 1862, ọdún kan lẹ́yìn tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì gba Èkó lọ́wọ́ Ọba Dòsùnmú, wọ́n gba Kòsọ́kọ́ láyè láti padà, Òṣòdì àti ogunlọ́gọ̀ àwọn ènìyàn rẹ̀ sì bá a wọlé. Ilẹ̀ tí wọ́n fún wọn ní apá ìlà-oòrùn Erékùṣù Èkó ni ó di Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó, níbi tí àwọn tí ó ti Ẹ̀pẹ́ dé tẹ̀dó sí, tí Òṣòdì sì pín agboolé mọ́kànlélógún fún àwọn tí ó tẹ̀ lé e. Ní 1868 ni ọlọ́jọ́ dé bá a. Ẹni tí ó ti wọ Èkó ní ọmọ ẹrú tí kò ní ìyá, kò ní baba, ó kú ní olóyè tí Èkó ń wárí fún, orúkọ rẹ̀ sì di oyè fún àrọ́mọdọ́mọ rẹ̀. Kò sí ìwé tí ó sọ ọ́ di ará Èkó. Àwọn tí ó bá jagun, tí ó bá jìyà ìgbèkùn, tí ó sì bá padà wálé ni wọ́n jẹ́rìí sí i.

Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹlẹ́rìí bá kú tán, ta ni yóò jẹ́rìí? Ní 1869, kò tíì pé ọdún méjì tí bàbá náà lọ, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kọ ìwé ilẹ̀ fún àwọn olórí agboolé Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó, ìwé náà sì wà nínú àpótí wọ́ọ́rọ́wọ́ títí ìran mìíràn fi dé. Nígbà tí ìjọba fẹ́ gba apá kan ilẹ̀ náà láti tún ìlú ṣe ní ọ̀rúndún ogún, tí owó gbà-má-bínú sì jáde, ìjà bẹ́ sílẹ̀: àwọn ọmọ Òṣòdì ní àwọn ni wọ́n ni ilẹ̀, pé àrótà, èyíinì ni ẹrú tí ó di ará ilé, ni baba àwọn tí ń gbé inú rẹ̀, àwọn ọmọ àrótà náà fa ìwé wọn yọ. Ẹjọ́ yìí kò tán ní Èkó. Ó gun òkun lọ sí ìgbìmọ̀ Privy Council ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1930, ó tún gùn ún lọ ní 1936, kò sì rọlẹ̀ títí ìjọba fi ní láti ṣe òfin ọ̀tọ̀ lórí ilẹ̀ Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó ní 1947. Ẹ wo bí ayé ti rí: ìdílé tí àlejò dá sílẹ̀ ni ó wá dúró níwájú adájọ́ báyìí gẹ́gẹ́ bí onílẹ̀, tí ó ń bi ọmọ àlejò mìíràn pé kí ni ó fi ń gbé ibẹ̀. Ibi tí ẹ̀rí ẹnu ti kù díẹ̀ káàtó nìyí, nítorí ẹni tí ó bá fi ojú rere gbà wá kò lè dá wa lójú pé ọmọ òun yóò fi ojú kan náà wo ọmọ wa. Ìwé kò ní ojú rere, ṣùgbọ́n kì í gbàgbé.

Òṣòdì nìkan kọ́ ni Èkó gbà mọ́ra ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Àwọn Sàró tí wọ́n ti Sierra Leone bọ̀ tẹ̀dó sí Olówógbowó. Àwọn Àgùdà tí wọ́n ra ara wọn padà ní Brazil àti Cuba kọ́ ilé alárà sí Pópó Àgùdà. Nígbà tí ọ̀rúndún ń pa ojú dé, àwọn ará Síríà àti Lẹ́bánónì tí àwọn àgbà Èkó ń pè ní Kòràá gbé ìsọ̀ tiwọn dé. Àwọn Sàró àti Àgùdà ní baba ńlá tí wọ́n lè tọ́ka sí ní Ẹ̀gbá, ní Ọ̀yọ́ tàbí ní Ìjẹ̀ṣà, nítorí náà bí ẹni ń padà sílé ni ọ̀ràn tiwọn. Àwọn Kòràá àti àwọn ará Íńdíà tí wọ́n dé lẹ́yìn wọn kò ní irú baba bẹ́ẹ̀ nílẹ̀ yìí. Lórí wọn ni ìwé ìgbélùú ti kọ́kọ́ di ọ̀ràn ńlá.

Àwọn Sindhi, tí ìdílé Aswani ti inú wọn wá, oníṣòwò ìlú Hyderabad ní ilẹ̀ Sindh ni wọ́n, tí òwò aṣọ àti ọ̀ṣọ́ ti gbé ká gbogbo èbúté ayé kí ó tó gbé wọn dé ọ̀dọ̀ wa. Ilé iṣẹ́ K. Chellaram bẹ̀rẹ̀ òwò ní Èkó ní 1923, àwọn mìíràn sì tẹ̀ lé e. Ìṣe wọn ni pé kí ọ̀dọ́mọkùnrin wá ṣiṣẹ́ fún ọ̀gá rẹ̀ ní àdéhùn ọdún bí méjì sí mẹ́ta, kí ó fi ìyàwó àti ọmọ sílẹ̀ ní Hyderabad, kí ó padà lọ sinmi, kí òmíràn sì wá rọ́pò rẹ̀. Nítorí náà wọn kò ka Èkó sí ilé, ibi iṣẹ́ ni wọ́n kà á sí. Ṣùgbọ́n ní oṣù Kẹjọ 1947, nígbà tí a pín Íńdíà sí méjì, Sindh bọ́ sí abẹ́ Pakistan, ọ̀pọ̀lọpọ̀ àwọn Sindhi tí wọ́n jẹ́ ẹlẹ́sìn Híńdù sì sá fi ilé àti ọ̀nà wọn sílẹ̀. Àjò kì í dùn kí onílé má relé ni a ń wí. Àwọn wọ̀nyí wà lájò, ilé sì ti bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn. Láti ìgbà náà ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ti kó ìyàwó àti ọmọ wá sí Èkó, tí àwọn ọmọ kan sì dàgbà tí wọn kò mọ ilẹ̀ mìíràn dáadáa ju èyí lọ.

Àsìkò kan náà ni Nàìjíríà fúnra rẹ̀ ń kọ́ bí a ti ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà. Ní 1958 ni a yọ iṣẹ́ àbójútó ìwọlé àti ìjáde àjèjì kúrò lọ́wọ́ ọlọ́pàá, nígbà tí ó sì di ọjọ́ kìíní oṣù Kẹjọ 1963, òfin fi ẹsẹ̀ iléeṣẹ́ tí gbogbo ènìyàn ń pè ní Imigiréṣọ̀n múlẹ̀. Láti ìgbà náà, iléeṣẹ́ tí ó bá fẹ́ gba àjèjì síṣẹ́ ní láti kọ́kọ́ gba kótà, èyíinì ni iye àjèjì tí ìjọba gbà fún un àti iṣẹ́ tí olúkúlùkù wọn yóò ṣe, pẹ̀lú àdéhùn pé ọmọ Nàìjíríà kan yóò máa kọ́ṣẹ́ lẹ́yìn rẹ̀ títí yóò fi lè rọ́pò rẹ̀. Ìwé ìgbélùú àjèjì náà sì so mọ́ kótà yìí. Bí iṣẹ́ bá bọ́, ìwé bọ́. Ìwé tí a ń pè ní CERPAC lónìí kò yàtọ̀ ní ìpìlẹ̀: ọdún kan tàbí méjì ni a ń kọ sí i lára, ẹni tí ó sì ti lo ogójì ọdún ní Ìsọlọ̀ lè wà lórí ìlà bíi ti ẹni tí ó dé ní ọdún tí ó kọjá láti lọ tún un gbà.

Ohun tí ó tún ta àwọn oníṣòwò Íńdíà jí ni òfin tí ìjọba Ọ̀gágun Gowon ṣe ní 1972, tí ó fi oríṣi òwò méjìlélógún, òwò wẹ́wẹ́ sì wà nínú rẹ̀, lélẹ̀ fún ọmọ Nàìjíríà nìkan, tí a sì tún mú kí ó le sí i ní 1977. Ìṣòwò kéékèèké kò tún jẹ́ ti àjèjì, ṣùgbọ́n ilé iṣẹ́ ńláńlá tí ń gba owó púpọ̀ àti ẹ̀rọ ṣì wà tí àjèjì lè bá onílé pín. Òfin náà tipa bẹ́ẹ̀ túbọ̀ ti ọ̀pọ̀ oníṣòwò kúrò nídìí ìsọ̀ lọ sídìí ẹ̀rọ, ilé iṣẹ́ ìhunṣọ sì wà lára ohun tí agbègbè Ìsọlọ̀ fi lókìkí ní ọdún wọnnì tí a la ọ̀nà mọ́roṣẹ̀ láti Òṣòdì dé Àpápá. Ẹni tí ìwé rẹ̀ kò ju ọdún díẹ̀ lọ wá di ẹni tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ń tipasẹ̀ rẹ̀ jẹun. Iléeṣẹ́ ìjọba ń pè é ní àlejò, àdúgbò sì ń fi orúkọ rẹ̀ júwe ilé.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé àwọn ará Íńdíà nìkan ni ọ̀ràn ìwé yìí bá. Ní ọjọ́ kejìdínlógún oṣù Kọkànlá 1969, ìjọba Busia ní Gánà pàṣẹ pé kí gbogbo àjèjì tí kò bá ní ìwé ìgbélùú gbà á láàárín ọ̀sẹ̀ méjì tàbí kí ó kúrò nílùú. Àwọn Yorùbá láti Ògbómọ̀ṣọ́, Ọ̀ffà, Ìlọrin àti ọ̀pọ̀ ìlú mìíràn, tí wọ́n ti sọ Kumasi, Accra àti Tamale di ilé, tí a bí púpọ̀ nínú wọn sí ibẹ̀ tí wọ́n sì gbọ́ Twi ju Yorùbá lọ, fi ìsọ̀ sílẹ̀, wọ́n fi gbèsè tí ẹlòmíràn jẹ wọ́n sílẹ̀, wọ́n di ẹrù kalẹ̀. Ẹ̀rí àdúgbò kò gbà wọ́n, nítorí ìwé ni a bèèrè. Ọdún mẹ́rìnlá kò pé lẹ́yìn náà tí àwa náà fi ṣe é fún ẹlòmíràn: àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà tí ó wà nínú àjọ ECOWAS ti fọwọ́ sí ìwé àdéhùn ní oṣù Karùn-ún 1979 pé ará ìlú wọn lè wọ ìlú ara wọn fún àádọ́rùn-ún ọjọ́ láìgba físà, epo rọ̀bì sì ti fa àwọn ará Gánà wá sí ọ̀dọ̀ wa, ṣùgbọ́n ní ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù Kìíní 1983, Alhaji Ali Baba, mínísítà ọ̀rọ̀ abẹ́lé nínú ìjọba Shagari, fún àwọn àjèjì tí kò ní ìwé ní ọ̀sẹ̀ méjì péré. Ó ju mílíọ̀nù kan ènìyàn lọ tí ó jáde, àwọn olùkọ́ àti oníṣẹ́ ọwọ́ wà nínú wọn, àpò oníbátànì tí wọ́n fi di ẹrù sì gba orúkọ Gánà-Mọ́s-Gó, tí a ṣì ń di ẹrù sí títí di òní nínú gbogbo ọjà Èkó. Ní Côte d'Ivoire pẹ̀lú, níbi tí àwọn ará Èjìgbò ti Ọ̀ṣun ti fìdí kalẹ̀ ní Abidjan, káàdì ìgbélùú tí ìjọba gbé jáde ní 1990 di ohun tí ọlọ́pàá ń bèèrè ní gbogbo ìkóríta, kí wọ́n tó fagi lé e fún àwọn ará ECOWAS ní 2007.

Òfin tiwa fún ẹni tí ó bá fẹ́ kúrò ní àlejò pátápátá wà ní ìpín kẹtàdínlọ́gbọ̀n Ìwé Òfin 1999. Ó ní kí ẹni náà ti gbé ilẹ̀ yìí fún ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kí ó jẹ́ oníwà rere, kí ó fi hàn pé ibí ni òun fẹ́ máa gbé, kí Gómìnà sì lè sọ pé àwọn ará àdúgbò tí ó ń gbé gbà á, àti pé ó ti wọ inú ìṣe àti àṣà wọn. Ẹni tí ó bá mọ ìlànà àwọn baba wa yóò rí i pé onígbọ̀wọ́ àtijọ́ ni a fi agbádá ìjọba wọ̀ yìí. Bí a bá gbé Òṣòdì Tápà lórí òṣùwọ̀n náà, ọdún rẹ̀ pé, ó sì lé. Àdúgbò gbà á. Àṣà Èkó sì di tirẹ̀ débi pé òun fúnra rẹ̀ wà lára àwọn tí ń dáàbò bò ó. Àléébù òfin náà ni pé ìlú Gómìnà ti tóbi ju ìlú ọba àtijọ́ lọ, ẹni tí ó ń jókòó ní Aláúsá kò sì lè mọ ẹni tí ń gbé ní òpópónà kan ní Ìsọlọ̀. Òfin náà tún le ní ibìkan ju ibòmíràn lọ: obìnrin àjèjì tí ó fẹ́ ọmọkùnrin Nàìjíríà lè fi ìgbéyàwó gba orúkọ ọmọ onílùú, ṣùgbọ́n ọkùnrin àjèjì tí ó fẹ́ ọmọbìnrin wa kò ní irú àǹfààní bẹ́ẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé nípa fífẹ́ ọmọ ìlú ni ọ̀pọ̀ àlejò àtijọ́ fi di ará ilé.

Ẹ̀rọ ìhunṣọ Aswani ti dákẹ́. Iná mànàmáná tí kò dúró àti aṣọ olówó pọ́ọ́kú tí a ń kó gba ẹ̀yìnkùlé wọlé pa pọ̀ pa òun àti ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀, àwọn tí ń ná ọjà níbẹ̀ báyìí sì ń ra aṣọ tí ará ìlú òyìnbó ti wọ̀ sílẹ̀, tí púpọ̀ nínú rẹ̀ gba Kútọ̀nù wọlé. Àwọn tí ń tà á pẹ̀lú ti ọ̀nà jíjìn wá, Ígbò, Haúsá, ará Kútọ̀nù àti ará Tógò, gbogbo wọn sì mọ ara wọn ní orúkọ, wọ́n ń dá àjọ pọ̀, wọ́n ń bá ara wọn sìnkú. Ẹ̀rí ti wà lára wọn. Ìwé ni ó kù fún díẹ̀ nínú wọn, ó sì le jù lórí àwọn ọmọ wọn, nítorí òfin wa kò ka ilẹ̀ tí a bí ọmọ sí. Àfi bí òbí rẹ̀ tàbí òbí àgbà rẹ̀ bá jẹ́ ọmọ Nàìjíríà ni ó tó jẹ́ ọmọ onílùú nípa ìbí. Ọmọ tí a bí ní Ìsọlọ̀ fún bàbá àti ìyá ará Tógò, tí ó lọ sí ilé ìwé níbẹ̀, tí ó ń fi Yorùbá bú, tí ó sì ń fi í súre, àlejò ni lójú òfin, yóò sì ní láti dàgbà kí ó tó lè bẹ̀bẹ̀ fúnra rẹ̀.

Nígbà tí ọmọ wa ní Lọ́ńdọ̀nù bá ń ka ọdún kí ó tó gba páálí tí kò ní ọjọ́ ìparí, tí ó ń kọ́ ìtàn àwọn ọba Gẹ̀ẹ́sì sórí nítorí ìdánwò tí wọn yóò ṣe fún un, a máa ń ní kí Ọlọ́run fi ojú rere àwọn onílùú wò ó. Àdúrà rere ni, ṣùgbọ́n ojú rere tí kò ní ìwé nínú a máa bá ẹni tí ó ní in kú, ìwé tí kò sì ní ẹ̀rí àdúgbò lẹ́yìn, àṣẹ ọjọ́ kan ṣoṣo lè fà á ya. Kí a fi ẹ̀tọ́ méjèèjì fún ọmọ àlejò tí a bí sáàárín wa: kí òfin gbà pé ẹni tí a bí síhìn-ín tí ó sì dàgbà síhìn-ín lè gba ìwé onílùú láìjẹ́ pé ó tún ka ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kí a sì bi ọba àdúgbò, àwọn olórí ọjà àti àwọn aládùúgbò rẹ̀ ní ẹ̀rí rẹ̀, nítorí àwọn ni wọ́n mọ̀ ọ́n. Kì í ṣe àṣà òkèèrè ni a ó yá lò bí a bá ṣe bẹ́ẹ̀. Ìlànà tí Èkó fi di ìlú ńlá ni a ó kọ sílẹ̀, kí àwọn tí kò bá wa láyé nígbà tí àwọn àlejò ń dé má baà lè sọ pé àwọn kò mọ̀ wọ́n.